Dídá Omi Padà sí Ilẹ̀ Àbàtà Diawling: Ipa Àwọn Ará Abúlé

Ọ̀dá tí ó mú agbègbè Sahel lẹ́yìn ọdún 1968 kò ṣe é gbàgbé. Ní ọdún 1972, ìjọba Mali, Senegal àti Mauritania dá àjọ OMVS sílẹ̀. Àjọ yìí ni ó sé Odò Senegal ní ibi méjì: Diama, nítòsí òkun, ní 1986, àti Manantali ní 1988. Èrò wọn kò burú. Diama ni yóò dènà omi iyọ̀ tí ó máa ń wọ inú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí àwọn àgbẹ̀ lè rí omi bu sí oko ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ odò, ní ìhà Mauritania, ni ìyà rẹ̀ já lé. Omi kò kún bo ilẹ̀ mọ́ lọ́dọọdún. Àbàtà gbẹ, iyọ̀ gbà á. Koríko tí àwọn obìnrin fi ń hun ẹní ń kú lọ, ẹja dínkù, àwọn ẹyẹ omi sì ṣí lọ.

Ní 1991, ìjọba Mauritania ya Diawling sọ́tọ̀ fún àwọn ẹ̀dá inú igbó, nǹkan bí hẹ́kítà 16,000. Àwọn ará abúlé kọ́kọ́ fura, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: ní Djoudj, ní òdìkejì odò, ńṣe ni a ṣí àwọn olùgbé nípò nígbà tí a dá irú ọgbà bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1971. Òfin Diawling yàtọ̀ ní tirẹ̀, nítorí ó ka iṣẹ́ àbáláyé àwọn ará ibẹ̀ mọ́ ète ọgbà náà. Síbẹ̀, kì í ṣe òfin ni ó yí wọn lọ́kàn padà bí kò ṣe omi.

Láti 1994 ni a ti ń ṣí ilẹ̀kùn omi kí odò lè tún kún bí ti àtijọ́. Àjọ IUCN ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn apẹja, darandaran àti ahunní jókòó sọ ìgbà tí omi yóò wọlé àti ìgbà tí yóò fà; ìfẹ́ wọn kò sì dọ́gba rárá. Koríko ẹní hù padà, ẹja àti edé pọ̀ sí i, àwọn ẹyẹ flamingo àti pelican padà wá, ìmàdò náà kò gbẹ́yìn.

Ní 2005, UNESCO so Diawling àti Djoudj pọ̀ di ibi ààbò kan ṣoṣo. Àmọ́ omi tí kò ní iyọ̀, tí Diama ń dá dúró láti ọdún dé ọdún, ti mú kí koríko Typha gbilẹ̀, ó sì ń dí ojú omi pa.