Ẹjọ́ Ọ̀gá Ọlọ́pàá Brighton: Bí Ọlọ́pàá Tí A Lé Lẹ́nu Iṣẹ́ Ṣe Rí Ọ̀nà Bèèrè Ẹ̀tọ́ Rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Òwe yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Kò sọ pé olóòótọ́ nìkan ni kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti hàn kedere sí gbogbo ayé, kí a má wulẹ̀ gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí a fẹ̀sùn kàn bá jẹ́ ọlọ́pàá, ó máa ń ṣòro fún ará ìlú láti rántí òwe náà. Ẹni tí ó ti ń fi kùmọ̀ halẹ̀ mọ́ mẹ̀kúnnù, tí ó ti ń gba rìbá lọ́wọ́ awakọ̀ lójú pópó, bí ìjọba bá lé e, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn a dùn. Ta ni yóò wá bèèrè bóyá wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó lé e?

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìtàn bí ọlọ́pàá tí a fìyà jẹ nídìí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí ọ̀nà láti pe ìdájọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ níjà. Ẹjọ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Brighton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1958, tí ó sì parí ní 1963, ni a ó gbé àlàyé wa kà. Ìdí tí a fi yan ẹjọ́ yìí ni pé ipa rẹ̀ kò mọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó dé àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà, ó sì ń gba ẹ̀tọ́ padà fún àwọn ènìyàn tí wọn kò gbọ́ orúkọ Brighton rí.

Ipò Ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì Ṣáájú 1958

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, ìlú ńlá kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan láti inú àwọn kánsílọ̀ ìlú, tí wọ́n ń pè ní Watch Committee, ni ó ń gbà wọ́n síṣẹ́, òun náà ni ó sì ń lé wọn. Òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1882 fún ìgbìmọ̀ yìí ní agbára láti lé ọlọ́pàá èyíkéyìí nígbàkúùgbà, bí wọ́n bá rò pé ó ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré tàbí pé kò yẹ fún iṣẹ́ náà mọ́. Òfin náà kò sọ ohunkóhun nípa pé kí wọ́n kọ́kọ́ pè é wá sọ tẹnu rẹ̀.

Bí agbára bẹ́ẹ̀ ti lè le tó hàn ní oṣù Kẹjọ ọdún 1919, nígbà tí àwọn ọlọ́pàá kan ní London, Liverpool àti àwọn ìlú mìíràn dá iṣẹ́ sílẹ̀. Ó lé ní 2,000 nínú wọn tí ìjọba lé, a kò sì gbà wọ́n padà. Òfin ọlọ́pàá tí wọ́n ṣe ní ọdún náà kọ̀ fún ọlọ́pàá láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan náà fún ìjọba láyè láti ṣe ìlànà kan ṣoṣo tí gbogbo ìlú yóò máa tẹ̀lé lórí ìbáwí ọlọ́pàá. Ní 1927, òfin mìíràn fún ọlọ́pàá tí wọ́n bá lé láǹfààní láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ́dọ̀ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ní 1937, sájẹ́ǹtì kan láti Liverpool gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́. Ó ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ tó sọ pé òun lé e. Nígbà tí ó pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ Watch Committee, ọ̀gá tí ó lé e yìí kan náà jókòó ti àwọn ìgbìmọ̀ nígbà tí wọ́n ń gbèrò ìdájọ́. Ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí pé afẹ̀sùnkanni kò gbọdọ̀ bá adájọ́ wọ ìyẹ̀wù ìgbìmọ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, kí ọ̀rọ̀ Brighton tó ṣẹlẹ̀, ilẹ̀kùn ti ṣí díẹ̀.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Ní Brighton

Charles Ridge wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá Brighton ní 1925. Ó gun àkàbà iṣẹ́ náà láti ìsàlẹ̀ títí ó fi di ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ìlú náà ní 1956. Ní oṣù Kẹwàá 1957, wọ́n mú un, wọ́n sì fi ẹ̀sùn kàn án pé òun àti àwọn mìíràn dìtẹ̀ láti ṣèdíwọ́ fún ìdájọ́ òdodo. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ní òpin oṣù Kejì 1958, àwọn júrì sọ pé Ridge kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọlọ́pàá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ jẹ̀bi. Nígbà tí adájọ́ ń rán àwọn méjì náà lọ sẹ́wọ̀n, ó sọ̀rọ̀ tí ó ta bá Ridge: ó ní ọ̀gá wọn kò fi àpẹẹrẹ rere lélẹ̀ fún wọn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta, wọ́n tún gbé ẹ̀sùn rìbá kan dìde sí Ridge. Olùpẹ̀jọ́ kò mú ẹ̀rí kankan wá, adájọ́ sì ní kí wọ́n dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún sọ̀rọ̀ tí ó fi hàn pé ọlọ́pàá Brighton nílò olórí tuntun.

Ní ọjọ́ kejì gan-an, ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1958, Watch Committee pàdé, wọ́n sì lé Ridge. Wọn kò fún un ní ìwé ẹ̀sùn, wọn kò sì ránṣẹ́ pè é. Ọ̀rọ̀ tí ó ti wáyé ní kóòtù ni wọ́n gbé ìpinnu wọn lé. Nígbà tí agbẹjọ́rò rẹ̀ fẹ̀hónú hàn, wọ́n tún pàdé ní ọjọ́ 18 oṣù náà, wọ́n gbọ́ ohun tí agbẹjọ́rò náà ní í sọ, wọn kò sì yí ohùn padà. Ridge pe ẹjọ́ sọ́dọ̀ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Ní oṣù Keje, mínísítà fọwọ́ sí ohun tí ìgbìmọ̀ ṣe.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí Ridge ń wá. Kò bèèrè pé kí wọ́n dá òun padà sórí àga. Ọdún 33 ni ó ti fi ṣiṣẹ́. Ẹni tí wọ́n bá lé pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí owó ìfẹ̀yìntì, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ní kí ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kò pàdánù rẹ̀. Àárín ọ̀nà méjèèjì yìí ni ọjọ́ ogbó ọkùnrin kan wà, ìgbìmọ̀ sì ti yan ọ̀kan láìbi í léèrè.

Ìdájọ́ House of Lords

Ridge pàdánù ní ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́, ó sì tún pàdánù ní ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Ìlànà pé kí a gbọ́ tẹnu ènìyàn kí a tó dá a lẹ́jọ́ ti pẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1723, nígbà tí Yunifásítì Cambridge gba oyè lọ́wọ́ ọ̀mọ̀wé kan láìpè é, adájọ́ kan rán wọn létí pé Ọlọ́run pàápàá bi Ádámù léèrè ọ̀rọ̀ kí Ó tó lé e kúrò nínú ọgbà Édẹ́nì. Ṣùgbọ́n láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún ogún, pàápàá nígbà ogun, àwọn adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé-ẹjọ́ nìkan tàbí ohun tí ó bá jọ ilé-ẹjọ́ ni ìlànà náà dè, pé kò de ìgbìmọ̀ tàbí mínísítà tí ó ń ṣe iṣẹ́ ìjọba.

Ní oṣù Kẹta 1963, House of Lords, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, yí ọ̀rọ̀ náà padà. Adájọ́ mẹ́rin nínú márùn-ún gbè sẹ́yìn Ridge. Lord Reid pín ọ̀nà tí a lè gbà lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ sí mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni ti ọ̀gá àti ọmọ-iṣẹ́ lásán, níbi tí ó jẹ́ pé àdéhùn àárín wọn ni ó ń darí ọ̀rọ̀. Èkejì ni ti ẹni tí ó di ipò mú níwọ̀n ìgbà tí ó bá wu aláṣẹ. Ẹ̀kẹta ni ti ẹni tí òfin sọ pé a kò lè lé àfi bí ó bá ní ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn. Nínú ọ̀wọ́ kẹta yìí ni Ridge wà, nítorí pé òfin 1882 sọ pé ìkùnà tàbí àìyẹ nìkan ni ó lè mú kí a lé ọlọ́pàá. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni a fi ń lé ènìyàn, a gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀ṣẹ̀ náà fún un, kí a sì gbọ́ ohun tí ó ní í wí.

Àwọn ìgbìmọ̀ ní bí àwọn tilẹ̀ pè é, kò sí ohun tí yóò sọ tí yóò yí ọkàn àwọn padà. Èsì tí Lord Reid fún wọn rọrùn: ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú wọn, lílé àti fífún un láyè láti fiṣẹ́ sílẹ̀, ta ni ó mọ ohun tí ì bá sọ lórí ọdún 33 rẹ̀? Ìpàdé kejì kò tún àkọ́kọ́ ṣe, nítorí wọn kò fi ẹ̀sùn kankan han agbẹjọ́rò rẹ̀. Ìfọwọ́sí mínísítà náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ohun tí ó jẹ́ òfo láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè tipa ìfọwọ́sí di ohun gidi.

Ibi Tí Agbára Ìdájọ́ Náà Mọ

A kò gbọdọ̀ sọ ìdájọ́ yìí di ohun tí kò jẹ́. Ní 1982, ẹjọ́ mìíràn tún dé House of Lords láti Àríwá Wales. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan ti fipá mú ọ̀dọ́ ọlọ́pàá tí ó ṣì wà nínú ìgbà ìdánwò láti fiṣẹ́ sílẹ̀, lórí àhesọ nípa ìgbéyàwó rẹ̀ àti ajá tí ó ń sìn nílé. Wọn kò fi àhesọ náà hàn án kí ó lè fèsì. Ilé-ẹjọ́ sọ pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ṣùgbọ́n wọn kò pàṣẹ pé kí wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn adájọ́ ṣàlàyé pé ọ̀nà tí a gbà dé ìpinnu ni àwọn ń yẹ̀ wò, kì í ṣe ìpinnu náà fúnra rẹ̀.

Bákan náà, nítorí pé ipò ni ọlọ́pàá Gẹ̀ẹ́sì dì mú, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ lásán, ẹ̀tọ́ tí òfin 1971 fún àwọn òṣìṣẹ́ láti pe ẹjọ́ ìlénìkúrò tí kò tọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òfin 1994 ni ó dá ìgbìmọ̀ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn sílẹ̀ dípò lílọ sọ́dọ̀ mínísítà.

Bí Ọ̀rọ̀ Náà Ṣe Kan Nàìjíríà

Àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà tọ́ka sí ẹjọ́ Ridge lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Ní 1981, nínú ẹjọ́ Shitta-Bey, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé òṣìṣẹ́ ìjọba tí òfin dáàbò bo iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ẹni tí a kàn lè sọ fún pé kó máa lọ. Ní 1985, nínú ẹjọ́ Olaniyan, wọ́n dá àwọn olùkọ́ Yunifásítì Èkó padà sẹ́nu iṣẹ́ lórí ìlànà kan náà. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun mọ ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ ní 1975, dẹkiríì kan jáde ní 1976, òmíràn sì tẹ̀ lé e ní 1984, tí wọ́n kọ̀ fún ilé-ẹjọ́ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n lé.

Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 tún ilẹ̀kùn náà ṣí. Abala 36 fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbọ́ràn tí ó tọ́, òfin kan náà sì fi ìbáwí ọlọ́pàá, yàtọ̀ sí ti Ọ̀gá Pátápátá, sí ọwọ́ Police Service Commission. Láti 2011 tí àtúnṣe òfin ilẹ̀ ti fún National Industrial Court ní agbára lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ibẹ̀ ni ọlọ́pàá tí wọ́n lé máa ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Fún ìgbà pípẹ́, òfin tí ó ní kí a pe òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́jọ́ láàrin oṣù mẹ́ta ni ó ń pa ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, títí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fi sọ ní 2019 pé òfin náà kò dí ẹjọ́ tí ó bá dá lórí àdéhùn iṣẹ́.

Àwọn kan lè bi wá pé: lẹ́yìn ohun tí ojú àwọn ọ̀dọ́ rí lọ́wọ́ SARS, tí wọ́n sì torí rẹ̀ jáde sí ìgboro ní oṣù Kẹwàá 2020, ṣé ẹ̀tọ́ ọlọ́pàá ni ó yẹ kí a máa gbèjà? Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn wa ni pé ìkánjú ni ọ̀rẹ́ ọlọ́pàá búburú. Bí a bá lé ẹni tí ó jẹ̀bi láìfún un ní ìwé ẹ̀sùn, tí a kò pe ẹlẹ́rìí, tí a kò kọ ohunkóhun sílẹ̀, ilé-ẹjọ́ lè fagi lé ìpinnu náà, yóò sì padà sẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù tí a jẹ ẹ́. Ẹni tí ó ṣe ní ibi yóò wá máa wò ó bí ó ti ń kọjá lójú pópó. Ìgbẹ́jọ́ tí a ṣe dáadáa ni kì í jẹ́ kí ó padà.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé láti 1882 dé 1963, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń padà wá: ṣé ẹni tí ó ní agbára láti lé ọlọ́pàá lè lé e láìgbọ́ tẹnu rẹ̀? Ìbéèrè náà kò tíì tán ní ilẹ̀ wa. Bí a ti ń jiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí pé ọlọ́pàá ìlú ni ti Brighton, àwọn kánsílọ̀ ìlú ni wọ́n sì lé ọ̀gá wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí gómìnà bá ní ọlọ́pàá tirẹ̀, tí kọ́ńsítébù kan kọ̀ láti mú alátakò rẹ̀, tí wọ́n sì lé e ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà wo ni òfin yóò là sílẹ̀ fún un? Ọlọ́pàá tí kò ní ibi tí yóò gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ yóò ṣe ohunkóhun tí ọ̀gá rẹ̀ bá ní kí ó ṣe, ará ìlú ni yóò sì jìyà rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn aṣòfin tó kọ iye ọlọ́pàá tí ìpínlẹ̀ yóò ní, kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ẹni tí yóò gbọ́ tẹnu ọlọ́pàá tí a bá fẹ́ lé.