Níbo ni Oríkèé Helicopter Wà?

Nígbà tí a ń kọ́ nípa ìhun ọ̀rọ̀, olùkọ́ wa ní kí á gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sí mọ́fíìmù rẹ̀: helicopter. Kíá la dáhùn pé heli àti copter ni. Gbogbo wa la kùnà. A wá lọ wádìí ìtàn rẹ̀.

Ní ọdún 1861, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Gustave de Ponton d'Amécourt, ń wá bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa gòkè sínú òfurufú. Ó mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì: helix, ohun tó lọ́ yípo, àti pteron, ìyẹ́ apá ẹyẹ. Bí a bá fẹ́ so helix mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, helico ló ń dà. Báyìí ló ṣe dá hélicoptère sílẹ̀. Helico ni apá kìíní, pter ni apá kejì.

Kí ló wá sún oríkèé náà kúrò láyè rẹ̀? Ẹnu àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ni. Wọn kì í fi ìró pt bẹ̀rẹ̀ sílébù. Bí wọ́n tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ nínú pterodactyl, wọn kì í pe p rẹ̀. Nítorí náà, p bá sílébù iwájú lọ: he-li-cop-ter. Bákan náà, Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn bíi tiwa. Ńṣe ni wọ́n ń fi agbára pe sílébù kan ju òmíràn lọ. He ló gba agbára jù, cop ló tẹ̀ lé e. Etí wá gbọ́ ọ ní méjì: heli, copter. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì ogún, àṣìgé yìí ti bímọ: copter dá dúró, heli náà sì bí heliport.

Kí á má tíì fi Òyìnbó ṣẹ̀rín. Ẹ wo gbọ́mọgbọ́mọ. Gbọ́-mọ ni sílébù rẹ̀, ẹni tó bá sì fi etí nìkan gé e lè sọ pé "gbọ́" ni ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀. Rárá o! Gbé ọmọ ni. Ìpàjẹ ló gbé fáwẹ̀lì "gbé" lọ, ohùn òkè rẹ̀ sì fò mọ́ ọ̀rọ̀ kejì lórí. Bí a bá ṣì í gé, olè tó ń gbé ọmọ á di ẹni tó ń gbọ́ ọmọ.

Ohun tí a rí kọ́ ni pé sílébù ń sọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀. Ìtàn ló ń sọ bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá wo lẹ̀yin náà ti fi etí ṣì gé rí?