Ẹ̀tọ́ Òǹkọ̀wé àti Òmìnira Ọ̀rọ̀ Sísọ

Lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ mi. N kò lè lòdì sí òfin tí kò jẹ́ kí a ṣe àdàkọ iṣẹ́ òǹkọ̀wé láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ìtàn fi hàn pé ọjọ́ ti pẹ́ tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ti ń bá pípa ènìyàn lẹ́nu mọ́ rìn.

Ní 1557, Ọbabìnrin Mary ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹgbẹ́ àwọn òǹtẹ̀wé London ní àṣẹ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àwọn nìkan ni yóò máa tẹ ìwé, kí wọ́n sì máa tú ilé wò fún ìwé tí òfin kọ̀. Ó di 1710 kí òfin ibẹ̀ tó fún òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, fún ọdún 14.

Ní 1998, Amẹ́ríkà ṣe òfin ti íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí ó bá sọ pé wọ́n gbé iṣẹ́ òun síbẹ̀ yóò kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé-iṣẹ́ tí ó ni ààyè náà. Bí ilé-iṣẹ́ bá tètè yọ ọ́, òfin kò ní mú un. Kò sí adájọ́ níbẹ̀. Ẹni tí a yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè fèsì, ṣùgbọ́n ó kéré tán, yóò dúró fún ọjọ́ iṣẹ́ 10 kí wọ́n tó dá a padà.

Ní 2003, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Swarthmore College ní Pennsylvania gbé lẹ́tà àwọn òṣìṣẹ́ Diebold, tí ń ṣe ẹ̀rọ ìdìbò, síta. Àwọn lẹ́tà náà sọ àléébù ẹ̀rọ wọ̀nyí. Diebold ní òun ni ó ni lẹ́tà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì sì mú wọn kúrò. Ní 2004, ilé-ẹjọ́ kan ní California dájọ́ pé Diebold mọ̀ pé ẹ̀sùn òun kò tọ́ lórí apá tí ó sọ àléébù ẹ̀rọ. Ó san dọ́là 125,000.

Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹnìkan lè wí pé olè kì í dúró de adájọ́, pé orin tí a jí lè tàn ká ayé lóru ọjọ́ kan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó lè tán àdánù olórin. Kò sí owó tí ó lè dá ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ ìdìbò ti kọjá lórí rẹ̀ padà.

Òfin tuntun ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2023, fi àyè sílẹ̀ fún irú ìwé ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Èrò mi ni pé kí a gbọ́ tẹnu olùjẹ́jọ́ kí a tó yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹ̀sùn èké kan ènìyàn sì jìyà rẹ̀.