Gáùn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pa tì
Àwa ọmọ ìsinsìnyí rò pé dídín aṣọ kù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Rárá o! Ní Abẹ́òkúta, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó kàwé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní 1932. Nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà wọlé, tí ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union ní 1946, gáùn òyìnbó ń ya ọ̀mọ̀wé sọ́tọ̀ láàárín wọn. Ó bá pa gáùn tì. Ìró, bùbá àti gèlè ló kù. Wọ́n jọ kọ owó orí, títí Aláké fi kúrò lórí oyè ní 1949. Tí a bá ń tú àpótí aṣọ wa, ká bi ara wa: èwo ló ń lé èèyàn wa sá?