Ìfun Tí Wọ́n Rán Mọ́ Àpò Ìtọ̀

Bó ti wù kí igi pẹ́ lódò tó, kò lè di ọ̀nì. Òwe yìí bá ìfun tí àwọn oníṣẹ́ abẹ gé, tí wọ́n là, tí wọ́n sì rán mọ́ àpò ìtọ̀ ọmọdé láti mú un tóbi sí i mu, nítorí pé ìfun náà kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Láti òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún tí oníṣẹ́ abẹ kan, Mikulicz, ti ṣe irú rẹ̀ fún ènìyàn ni iṣẹ́ abẹ yìí ti wà. Àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àpò ìtọ̀ tó ṣí síta lábẹ́ ìdodo, tàbí tí egungun ẹ̀yìn wọn kò padé nínú oyún, ni wọ́n sábà ń ṣe é fún, ó sì ti yọ kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn nínú ewu.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìfun ni kí ó máa fa omi àti èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, nítorí náà èròjà kíkan tí kíndìnrín ti dà nù sínú ìtọ̀ ni ìfun yìí tún ń fà padà, tí ara yóò sì máa yá kálísíọ̀mù lára egungun láti fi pẹ̀rọ̀ sí i. Ìfun a tún máa sun ohun yíyọ̀ bí ikun imú, èyí tó ń dí ọ̀nà ìtọ̀, tó sì ń di òkúta bí ó bá pẹ́. Ìdí nìyí tí ìyá tó ń gbé nítòsí Apple Junction, ní Amuwo-Odofin, l'Ékòó, yóò fi máa se omi, tí yóò bu iyọ̀ sí i bí dókítà ṣe wí, tí yóò jẹ́ kí ó tutù, tí yóò sì fi síríǹjì tì í gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọmọ fi ń tọ̀, títí ikun náà yóò fi jáde.

Àpò náà lè bẹ́ lójijì. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò padé sì lè má mọ ìrora náà lára, débi pé inú wíwú, ibà tàbí èébì nìkan ni yóò fi hàn. Jẹjẹrẹ inú àpò náà kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó máa ń tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú, ìyẹn lẹ́yìn tí ọmọ ti dàgbà, tí ara rẹ̀ le, tí kò sì rí ìdí tí òun fi ní láti máa wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà mọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Kí òbí gba àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ náà, kí ó sì fi í lé ọmọ lọ́wọ́ bí ó bá dàgbà, nítorí dókítà tí yóò tọ́jú rẹ̀ ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún lè má mọ̀ pé ìfun wà lára àpò ìtọ̀ rẹ̀.