Bí Ìwé Ìtàn Àròsọ Ṣe Kọ́kọ́ Dé Ọwọ́ Àwọn Ọ̀dọ́langba Yorùbá, àti Ohun Tí Ilẹ̀ Kétu Lè Rí Kọ́ Níbẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ ènìyàn ní mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà yóò gbà pẹ̀lú wa pé iṣẹ́ kò tíì parí ní ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mọ lẹ́tà tán. Ìbéèrè kan kù: kí ni yóò máa kà? Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tí ó ti lè ka gbólóhùn já geere kò ní tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn pẹ̀lú ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń fọ ọwọ́ àti bí a ti ń gbin àgbàdo. Ìtàn ni ó ń fẹ́. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a wo bí ìwé ìtàn ṣe kọ́kọ́ dé ọwọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Yorùbá, kí a sì wá ìdí tí kò fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ Kétu ní àkókò kan náà.

Ìtàn àròsọ ti wà lédè Yorùbá kí ọdún 1938 tó dé. Láti 1929 ni Isaac B. Thomas ti ń tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Àkéde Èkó, ó sì sọ ọ́ di ìwé ní 1930. Ṣùgbọ́n ìtàn obìnrin tí ó fi ayé rẹ̀ ṣòfò ni, àwọn àgbà tí ń ra ìwé ìròyìn ni ó sì kọ ọ́ fún. Ìwé tí ó wá di ti àwọn ọmọ ilé ìwé ni Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, èyí tí Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà kọ.

Òkè-Igbó ni a bí Fágúnwà sí ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew ní Ọ̀yọ́, ibẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé nígbà tí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kéde ìdíje ìwé kíkọ. Ó kọ ìtàn náà ní 1936, ó fi í sílẹ̀ fún ìdíje, ilé ìtẹ̀wé C.M.S. ní Èkó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1938. Olùkọ́ tí ń rí ojú àwọn òǹkàwé rẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó kọ ọ́.

Bí a bá wò ó dáadáa, a óò rí i pé ohun mẹ́ta ni ó ti wà nílẹ̀ kí Fágúnwà tó mú kálàmù. Èkíní ni àkọtọ́. Láti 1843 ni Samuel Ajayi Crowther ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní 1859 Ìwé Ìròhìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1875 àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì pé jọ ní Èkó láti fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí bí a óò ti máa kọ èdè náà. Èkejì ni ilé ìwé tí a ti ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní kíkà. Ẹ̀kẹta ni ilé ìtẹ̀wé tí ó ní ilé ìtàwé tirẹ̀. Ìdíje ìjọba ni ó wá so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Òǹkọ̀wé náà ní ẹ̀bùn tí kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn nìkan kì í sọ ìwé di títẹ̀.

Ohun kan tún wà nínú ìwé náà tí ó kan àwa tí ń ṣe iṣẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bàbá arúgbó kan tọ akọ̀wé wá, ó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀ kí ikú tó dé. Àgbà ń sọ, ọ̀dọ́ ń kọ. Àlọ́, òwe, oríkì àti ìtàn ọdẹ tí àwọn ọmọ ti ń gbọ́ nílé ni Fágúnwà gbé wọ inú ìwé, kò sì sí ọmọ tí ó ka ibi tí Kàkó àti Olóhùn-iyọ̀ ti ń bá àwọn ọdẹ yòókù lọ sí Òkè Láńgbòdó tí yóò pe èdè náà ní àjèjì.

Kí wá ni ó ṣẹlẹ̀ ní Kétu? Kì í ṣe pé ìwé kò dé ibẹ̀ rárá. Crowther fúnra rẹ̀ wọ Kétu ní 1853, Alákétu sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ogun Dàhòmì fọ́ ìlú náà ní 1886, a kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú, ìlú kò sì tún gbéra sọ títí di 1894. Kí ó tó gbéra, àdéhùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ní 1889 ti la ilẹ̀ Alákétu sí méjì: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin ọdún 1922 wá fi dandan lé e pé èdè Faransé ni kí a máa fi kọ́ni ní ilé ìwé, àfi ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan. Ọmọ Ìmẹ̀kọ lè ka Fágúnwà ní kíláàsì. Ọmọ Kétu tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kò lè kà á.

Ọdún 1938 kan náà fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere. Ní ọdún yẹn ni Paul Hazoumé, ọmọ Àjàṣẹ́, tẹ Doguicimi jáde, ìtàn àròsọ ńlá nípa ààfin Dàhòmì. Èdè Faransé ni ó fi kọ ọ́, ìlú Pàríìsì ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Àwọn olùkọ́ méjì, ìran aláwọ̀ dúdú kan, ọdún kan. Ṣùgbọ́n ọ̀kan kọ̀wé sí àwọn ọmọ ilé rẹ̀, èkejì kọ̀wé sí àwọn tí ó mọ èdè ìjọba.

Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Òfin oṣù kẹwàá ọdún 1975 fi àkọtọ́ kan lélẹ̀ fún gbogbo èdè orílẹ̀-èdè náà. Gẹ́gẹ́ bí àkọtọ́ yìí, ọdẹ di ɔdɛ, iṣẹ́ di ishɛ́, àpò di àkpò. Ìdí rere wà fún un: ọmọ tí ó bá kọ́ ọ yóò rí lẹ́tà kan náà fún ohùn kan náà bí ó bá kọjú sí èdè Fọ̀n tàbí Gùn. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wa. Ní 1974, ọdún kan ṣáájú, Nàìjíríà ti fọwọ́ sí àkọtọ́ tirẹ̀. Ògiri tí òfin 1922 mọ wó, òmíràn sì dìde láàárín ọmọ Kétu àti gbogbo ìwé tí a ti tẹ̀ láti ìgbà Fágúnwà.

Ní èrò tiwa, ògiri yìí kò ga. Àmì mẹ́rin péré ni ó wà nídìí rẹ̀: ẹ àti ɛ, ọ àti ɔ, ṣ àti sh, p àti kp. Olùkọ́ tí ó bá fi àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin han akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti mọ̀wé kà kò ba àkọtọ́ orílẹ̀-èdè jẹ́. Ó ṣí ilé ìkówèésí ńlá kan sílẹ̀ fún un ni. Kò sí ìdí tí a ó fi ní kí ọmọ yan ọ̀kan kí ó kọ ọ̀kan sílẹ̀.

Èyí nìkan kò sì tó, nítorí pé ìwé tí a yá kà kì í dí àyè ìwé tí a kọ nílé. Kétu ni ọ̀pọ̀ ìtàn ti sọ pé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ṣẹ̀. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ ní ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ìlú tí ọ̀jẹ̀ ẹ̀fẹ̀ ti ń fi òru kan ṣoṣo tú àṣírí ìlú, tí ó ń dá ọmọ lẹ́kùn, tí ó sì ń dá ọba lẹ́jọ́, kò lè ní òun kò ní ìtàn. Ohun tí ó kù ni ohun tí ó wà ní Ọ̀yọ́ ní 1936: ìdíje tí a kéde fún àwọn olùkọ́, ilé ìtẹ̀wé tí ó ti ṣèlérí láti tẹ èyí tí ó bá yege, àti kíláàsì tí yóò kà á. Kí àwọn ọ̀dọ́ tí a ti kọ́ ní kíkọ jókòó ti àwọn àgbà, kí wọ́n mú ohun ìkọ̀wé. Láàárín ìwé àkọ́kọ́ Fágúnwà àti èkejì rẹ̀, Igbó Olódùmarè, ọdún 11 gbáko ni ó kọjá. A kò gbọdọ̀ retí pé iṣẹ́ yìí yóò yá. Ṣùgbọ́n a gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ ìtàn ṣì wà láàyè láti sọ ọ́.