"Bọ" Wo Ló Wà Nínú Ìrìbọmi?

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló para pọ̀ di ìrìbọmi: rì, bọ̀ àti omi. Omi kò fẹ́ àlàyé. Rì náà kò le: ọkọ̀ ojú omi a máa rì, òkúta tí a jù sódò a máa rì. Àárín ni iṣẹ́ wà. Bọ̀ tí a ní lọ́kàn níbí ni kí nǹkan wọ inú nǹkan mìíràn, bí ìgbà tí a bá ti ọwọ́ bọ àpò tàbí tí a ti ẹsẹ̀ bọ bàtà. Ohùn ìsàlẹ̀ ló ní. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ bá fẹ́ gba ọ̀rọ̀-orúkọ mọ́ra nínú èdè wa, ohùn rẹ̀ á gbéra díẹ̀, á di ohùn àárín. Bọ̀ á di bọ. Bó bá ti di bọ báyìí, kò sí etí tó lè yà á kúrò lára bọ kejì, èyí tí a fi ń bọ Ògún, tí a fi ń bọ orí, tí a fi ń bọ Ọ̀ṣun.

Níbòmíràn, ẹjọ́ gírámà lásán lèyí. Ní Òṣogbo, ọ̀rọ̀ ilé ẹni ni. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, ìlú á tú jáde tẹ̀lé Arugbá lọ sí ojúbọ Ọ̀ṣun, nínú igbó tí àjọ UNESCO kà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá ayé ní ọdún 2005. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: ojúbọ. Wúńdíá ni Arugbá, ìdílé ọba ni wọ́n ti ń mú un, òun náà sì ní ìgbaradì tirẹ̀ kí igbá tó dé orí rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó jókòó sí kíláàsì ìrìbọmi nínú ìlú yìí lè ti rí Arugbá tó ń kọjá lójú títì, ó sì lè ní ìyá àgbà tó máa ń bu omi odò náà wálé fún ìtọ́jú ọmọ. Bí olùkọ́ bá wá sọ fún un pé ọjọ́ tí wọn yóò rì í bọmi ti kù fẹ́ẹ́fẹ́, ìbéèrè tó wà ní ikùn rẹ̀ kì í ṣe ti òmùgọ̀. Kí ni omi tiyín fi yàtọ̀ sí omi tiwọn? Mo ti rí olùkọ́ tó fi ariwo dáhùn ìbéèrè yìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú òrìṣà. Ọmọ náà dákẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ìdáhùn.

Omi náà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìlú yìí. Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láróòyè àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ṣí wá, nítorí omi wọ́n wọn níbẹ̀. Olútìmẹ́hìn ọdẹ wà nínú àwọn tó rí odò tí wọ́n tẹ̀dó sí. Ìtàn ní bí wọ́n ti ń ṣán igbó ni igi kan wó lu odò, ni ohùn kan bá ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ohùn náà ló pè wọ́n ní oṣó inú igbó, tí orúkọ ìlú fi di Òṣogbo. Ìkòkò aró ni wọ́n fọ́, ẹ má gbàgbé.

Mo mú ìkòkò aró yẹn dání nítorí ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó bí gbogbo àwíyé yìí. Báptō ni àwọn Gíríìkì ń wí bí wọ́n bá ki nǹkan bọ inú omi, òun náà ni wọ́n sì ń wí bí wọ́n bá ń rẹ aṣọ láró. Láti ara rẹ̀ ni baptízō ti jáde, tó di baptísí lẹ́nu tiwa. Aláró Òṣogbo kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ èyí fún un. Ó mọ̀ pé aṣọ kì í wọ ìkòkò ẹ̀lú lẹ́ẹ̀kan kó jáde ní dúdú. Á rì í, á yọ ọ́. Bó ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní, ìgbà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yí padà sí àwọ̀ aró. Á tún rì í, á tún yọ ọ́. Inú ìkòkò ni aṣọ ti ń mu ẹ̀lú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìta ni ojú ti ń rí i pé aró ti mú un. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Òṣómàáló nítorí bí wọ́n ṣe ń lóṣòó ti ẹni tó jẹ wọ́n lówó, àwọn náà mọ aṣọ tí aró rẹ̀ á ṣí ní ìfọ̀ àkọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ ìrìbọmi kò sọ nǹkan kan nípa yíyọ. Rì, bọ̀, omi: ó wọlé, ó parí. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹni tó rì bọmi wà nísàlẹ̀ omi títí di ìsinsìnyí. Àfi kí olùkọ́ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdajì tó kù, pé Pọ́ọ̀lù fi rírì náà wé sísin òkú, ó sì fi gígòkè jáde wé àjíǹde. Lójú tèmi, iṣẹ́ ẹni tó ń múra ọ̀dọ́ sílẹ̀ fún omi kò ju ìdajì ọ̀rọ̀ yẹn lọ, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sá fún wàhálà yìí. Àjàyí tó di Samuel Crowther gba orúkọ náà ní Sàró ní ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1825, lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ gba baptísí, ọ̀dọ́ ni nígbà náà. Nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé orí ọ̀rọ̀ náà, wọ́n kàn fi aṣọ Yorùbá wọ̀ ọ́, wọ́n pè é ní baptísí. Ọgbọ́n ló wà níbẹ̀: ẹni tó ń wọ́n omi síni lórí kà á, inú rẹ̀ dùn, ẹni tó ń ri odindi ènìyàn sódò kà á, inú tirẹ̀ náà dùn. Kò sẹ́ni tí baptísí bá jà.

Ẹnu àwọn ará ìjọ kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà àti Mẹ́tọ́díìsì sọ ọ́ di ìsàmì, wọ́n ń fi omi sàmì sí ọmọ ọwọ́ níwájú orí, ibẹ̀ ni a ti rí orúkọ ìsàmì tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Àwọn ìjọ tí iṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa nígbà tí Thomas Jefferson Bowen gúnlẹ̀ ní 1850 ń jẹ́ Onítẹ̀bọmi. Tẹ̀ ni tiwọn. Tẹ̀ ni kí a fi ọwọ́ ti nǹkan sílẹ̀ títí yóò fi gba ipa ọwọ́ wa. Òun ló wà nínú tẹríba. Òun náà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má bínú, ló wà nínú ìtẹ̀fá, níbi tí babaláwo ti ń fi ìka tẹ Odù sójú ìyẹ̀rosùn. Mi ò sọ pé ìjọ lọ yá a lọ́wọ́ Ifá. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí Yorùbá ń wá ọ̀rọ̀ fún ohun tí ń yí ènìyàn padà láti ìta wọ inú, ọ̀rọ̀ tó wà nílé ló fà yọ.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lè sọ pé àwọn oníwọ́nmi náà ní ìpín nínú ìrìbọmi, nítorí ìrì tí ń sẹ̀ lóru, ohùn kan náà ni òun àti ìrì tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà ní. Ìrì kì í ri ẹnikẹ́ni mọ́lẹ̀, ó kàn ń bà lé orí ni. Ẹ̀fẹ̀ ni o.

Kò pẹ́ tí ẹ̀fẹ̀ fi di ìjà. Nígbà àjàkálẹ̀-àrùn ńlá ọdún 1918, àwọn Áńgílíkà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí J. B. Ṣadárè jẹ́ olórí wọn, tí Sophia Ọdúnlámì sì wà láàárín wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ fún àdúrà. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Òkúta Iyebíye. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kúrò nínú ìjọ wọn, ọ̀kan nínú ohun tó lé wọn jáde sì ni ìsàmì ọmọ ọwọ́: wọ́n ní ọmọ tí kò lè dáhùn ìbéèrè kò lè gbà á. Wọ́n fi lẹ́tà àti ìwé ìròyìn bá ìjọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà dọ́rẹ̀ẹ́. Òyìnbó kankan kò wá kọ́ wọn. Olùkọ́ Yorùbá ló ń múra ọmọ Yorùbá sílẹ̀, ohun tó sì ń béèrè lọ́wọ́ wọn le ju ti òyìnbó lọ: kì í ṣe oògùn ìbílẹ̀ nìkan ni ẹni tó fẹ́ wọ omi yóò kọ̀, títí kan oògùn ilé ìwòsàn òyìnbó ni.

Ọ̀nà yìí ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbà wọlé. Wọ́n bí i ní Odò-Ọ̀wá ní 1904, inú ìjọ Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀ ti ń sìn. Òun ló ń wa ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀nà fún ilé iṣẹ́ ìjọba lórí títì Ìgbàrà-Òkè sí Iléṣà, kí ẹ̀rọ náà tó kọ̀ fún un nítòsí Ìkejì-Arákejì nínú oṣù Kẹwàá ọdún 1928, tó sì sọ pé òun gbọ́ ìpè. Ní ìparí 1929, àwọn Faith Tabernacle rì í bọmi nínú ọ̀sà ní Èkó. Ọmọ onísàmì ló tún wọ omi lágbà yẹn.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 9 àti 10 oṣù Keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú wọn pàdé ní Òkè-Òòyè, Iléṣà, lọ́dọ̀ J. A. Babatope, tíṣà Áńgílíkà àtijọ́ tó ń darí ìjọ wọn níbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí nípa Òkè-Òòyè ni ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀: wọ́n ní òkú ọmọ jí, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ń ti ìlú gbogbo dé, òkìtì òǹdè àti ìfúnpá ń jóná. Ohun tí a kì í sábà rántí ni ìdí tí wọ́n fi pàdé. Ìjà ẹ̀kọ́ ni wọ́n wá parí, ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ ni ti ọkùnrin olóbìnrin púpọ̀ tí wọ́n ti rì bọmi: ṣé ìrìbọmi rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀? Bí mo ṣe gbọ́ ìbéèrè yẹn, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kí omi tó dé ni wọ́n ń bi ara wọn. Wọ́n kò tíì parí ìjíròrò nígbà tí ìsọjí gba ọ̀rọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.

Ìsọjí náà tún dá omi kejì sílẹ̀. Igbá, ìkòkò àti ìgò ni àwọn ènìyàn ń gbé wá kí Babalọlá gbàdúrà sí i, kí wọ́n mu ún fún ìwòsàn. Omi ìyè ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń kọ́ ọ̀dọ́ ní ìjọ Àpósítélì Kírísítì, ìjọ tó ti inú ìsọjí náà jáde, tó sì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní 1943, omi méjì ló ní láti là lójú ọmọ: èyí tí a ń mu àti èyí tí a ń wọ̀. Èyí tí a ń mu, a lè mu ún lójoojúmọ́. Èyí tí a ń wọ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni. Ìjọ náà kì í ri ọmọ ọwọ́ bọmi. Ìkómọjáde ni wọ́n ń ṣe fún un, wọ́n á wá dúró dè é títí yóò fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn.

Ìdúró-dè yẹn ní orúkọ, ìgbaradì: gba ara dì, bí ìgbà tí obìnrin bá di ìró mọ́ra kó tó gbé ẹrù. Àwọn kíláàsì tí mo ti jókòó sí lẹ́yìn ní Iléṣà àti Òṣogbo, ó yà mí lẹ́nu bí àwọn ọmọ náà ṣe máa ń béèrè nípa ohun tó kan ara wọn ju ti ẹ̀kọ́ lọ. Ṣé omi náà jìn? Ṣé wọ́n á di imú mi? Ṣé obìnrin tó wà lójú nǹkan oṣù lè wọ̀ ọ́? Bí mo bá rì pátá ńkọ́? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ kì í fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bẹ̀rù rírì ti gbọ́ apá kìíní ọ̀rọ̀ náà yéké, apá kejì ló kù tí yóò gbọ́. Olùkọ́ á fi hàn wọ́n bí wọn yóò ṣe ká apá mọ́ àyà, bí díákónì yóò ṣe dúró lọ́tùn-ún lósì, bí wọn yóò ṣe gbé wọn dìde. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí odò bá fà, adágún oníkọnkéré inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń lò, gírámà kò sì yí padà.

Ẹlòmíràn wà tí kò bẹ̀rù omi rárá. Ìwé ẹ̀rí ìrìbọmi ló fẹ́ gbà, nítorí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àna sì ti ní àwọn kò ní so wọ́n pọ̀ láìsí ìwé náà. Mo máa ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀-ìṣe tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lò. "Mo fẹ́ wá ṣe ìrìbọmi," bí ẹni tó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí. Pásítọ̀ tó ní sùúrù á dá a lóhùn pé wọ́n ń gba ìrìbọmi ni. Ìyàtọ̀ ṣe àti gba kò kéré. Rì lè dá dúró, nítorí ọkọ̀ lè rì fúnra rẹ̀. Tẹ̀ kò lè dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ọwọ́ ẹnìkan. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni pásítọ̀ yóò ti mú ọkùnrin náà jókòó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn tí wọn yóò rì bọmi.